Àdó Tí Kò Sọ̀rọ̀: Lórí Ṣíṣa Àlọ́ Àgbáyé fún Àwọn Ọmọ Mowe

Owó ìwé ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Mowe máa ń péjọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ilé tí mo ń gbé. A ó tẹ́ ẹní, a ó jókòó, n ó sì ka ìtàn fún wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìwé tí mo ní nígbà náà kò ju mẹ́rin lọ, a sì ti kà wọ́n ní àkàtúnkà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi máa ń sọ ohun tó kàn kí n tó ṣí ojú ewé. Ni àwọn òbí bá dá owó jọ, náírà 22,000, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ bá wa ra ìwé ìtàn tó dára. Kó jẹ́ ti gbogbo àgbáyé o, kí ojú àwọn ọmọ yìí lè là."

"Tó dára" àti "ti gbogbo àgbáyé." Lọ́jọ́ tí mo gba owó náà, mo rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Ibafo ni mo kọ́kọ́ lọ, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù létí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mo rí ìwé ńlá kan níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ le, àwòrán inú rẹ̀ ń dán, àkọlé rẹ̀ sì ṣèlérí ìtàn gbogbo ayé. Mo san náírà 4,500, inú mi dùn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti gba ọ̀nà lọ́jọ́ náà láti Ibafo dé Mowe, nítorí náà mo ráyè yẹ ìwé náà wò nínú ọkọ̀. Ìtàn méjìléláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Gíríìsì ní mẹ́sàn-án. Jámánì ní mẹ́jọ. Nígbà tí mo dé ti Áfíríkà, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ohun tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "Áfíríkà" lọ. Kò sí ìlú, kò sí ẹ̀yà, kò sí ẹni tó pa á. Aláǹtakùn kan ló kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú ìkòkò, tó fẹ́ gbé e gun igi lọ fi pamọ́. Àwa náà ní irú rẹ̀, Ìjàpá ni tiwa, akèrègbè ló sì gbé kọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo mọ aláǹtakùn yẹn. Ananse ni, ọmọ ilẹ̀ Asante ní Gánà, ẹni tí R. S. Rattray kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlọ́ rẹ̀ jọ ní èdè wọn àti ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé tó jáde ní 1930. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá ní kó jókòó fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Láti inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti gbà pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ìwé àlọ́ ni pé, ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Ìbéèrè yìí kò mọ sí ìwé nípa ilẹ̀ wa nìkan. Ẹ wo Jacob àti Wilhelm Grimm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Jámánì tí orúkọ wọn kún inú gbogbo ìwé ọmọdé. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ńṣe ni wọ́n ń rìn láti abúlé dé abúlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàlọ́ fún wọn ló wá bá wọn ní ìlú Kassel. Ọ̀kan nínú wọn ni Dorothea Viehmann, ìyàwó aránṣọ tó máa ń kó irè oko wá tà nígboro. Òmíràn ni Dortchen Wild, ọmọ apòògùn, ẹni tí Wilhelm padà fi ṣaya ní 1825. Nígbà tí mo mọ èyí, ìwé Grimm yí padà lójú mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbé e bí ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní báyìí, mo máa ń gbọ́ obìnrin kan tó ti ọjà dé, tó ti sọ ẹrù kalẹ̀, tó ní kí wọ́n fún òun lómi kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Dortchen Wild yìí ló pa àlọ́ Frau Holle fún wọn, òun ni mo sì kọ́kọ́ kà fún àwọn ọmọ nínú ìwé tí mo rà. Ọmọbìnrin kan ń rànwú létí kànga títí ìka rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú bọ́ sínú kànga, ìyàwó bàbá rẹ̀ ní kó lọ mú un wá. Ó bẹ́ sínú kànga, ó sì bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn. Búrẹ́dì inú ààrò ké sí i pé, "Yọ mí, yọ mí, mo ti jinná jù!" Ó yọ ọ́. Igi ápù ké sí i pé, "Gbọ̀n mí, gbọ̀n mí, èso mi ti pọ́n!" Ó gbọ̀n ọ́n. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ tóbi, ó ń bá a gbọn ìbùsùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹ́ inú ìbùsùn náà á sì di yìnyín funfun tó ń bọ́ sórí ayé. (Ibi yìí yọ mí lẹ́nu. Ọmọ Mowe wo ló rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ rí? Òwú àràbà tó máa ń fò káàkiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi ṣàpèjúwe rẹ̀, ó sì yé wọn.) Nígbà tí ó ń padà lọ sílé, wúrà rọ̀ lé e lórí. Ọ̀lẹ tó jẹ́ ọmọ ìyàwó bàbá náà lọ, kò yọ búrẹ́dì, kò gbọn igi, ọ̀dà dúdú ló sì rọ̀ lé tirẹ̀ lórí, kò sì ṣí kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Bí mo ṣe ń kà á lọ ni ara mi ń sọ fún mi pé mo ti gbọ́ ọ rí. Ifo ni mo ti gbọ́ ọ.

Ilé ìyá mi àgbà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ifo, níbi tí ọ̀nà irin ti yà sí ìhà Ìlaròó àti Ìdógò. Gààrí ni ìyá àgbà ń tà, àwọn obìnrin tó ń bá a dòwò pọ̀ láti ọ̀nà ibẹ̀ yẹn, wọ́n sì máa ń sùn mọ́jú nílé wa bí ọkọ̀ bá fi wọ́n sílẹ̀. Alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àlọ́ máa ń pọ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣí ojú wa, lẹ́yìn náà ni àpagbè yóò tó dé. Ọ̀kan nínú rẹ̀ nìyí. Ọmọbìnrin kan ń bá ìyàwó bàbá rẹ̀ ta epo pupa. Iwin kan ra epo, owó tó san sì fi ẹyọ kan dín. Ìyàwó bàbá ní kí ọmọ má wọlé bí kò bá mú ẹyọ kan náà wá. Ọmọ bá ń tẹ̀lé iwin lọ. Iwin ń kọrin pé kó padà, òun náà ń kọrin pé òun kò padà, àwa ọmọ sì ń gbè é títí ọ̀fun wa fi ń gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé ilé iwin, iwin ní kó lọ sínú oko àdó tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó ní àwọn àdó kan yóò máa pariwo pé, "Ká mi! Ká mi!" kó má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn tí kò bá sọ̀rọ̀ ni kó ká mẹ́ta nínú wọn. Ọmọ ká àdó tó dákẹ́, ó fọ́ ọ, ọrọ̀ sì tú jáde. Ìyàwó bàbá rán ọmọ tirẹ̀ náà lọ. Èyí ká àwọn tó ń pariwo. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ nínú ilé, oyin àti ejò ló tú síta.

Mo pa á fún àwọn ọmọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, láìka ìwé. Ohun tí mo ń retí ni pé kí wọ́n sọ pé ìtàn méjèèjì jọra, kí n sì yìn wọ́n, ká tú ká. Ọmọkùnrin kan ló da ètò mi rú. Ó ní irọ́ ni ọ̀kan nínú ìtàn méjèèjì ń pa. Ó ní nínú ti òyìnbó, ọmọ rere ń dá ohun tó bá pè é lóhùn. Nínú ti Ifo, ọmọ rere kì í dá ohun tó bá pè é lóhùn. Èwo wá ni ká máa ṣe?

N kò ní ìdáhùn. Mo ti ka Frau Holle láìmọye ìgbà, mo sì ti gbọ́ àlọ́ àdó láti kékeré, n kò rí i rí pé wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló dá a lóhùn láti ìkángun ẹní. Ó ní, "Búrẹ́dì yẹn ń jóná ni. Àdó ò jóná."

N kò tíì rí àlàyé orí ìtàn méjèèjì yìí tó wù mí tó gbólóhùn méjì yẹn. Búrẹ́dì ń ké nítorí ìyà tó ń jẹ ẹ́, àdó ń ké nítorí ọjà tó fẹ́ tà. Ọmọ tó ń gbé Mowe ní ìdí láti mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà wa, kò sí ibi tí èèyàn yóò yíjú sí tí pátákó tó ń ta ilẹ̀ kò ní máa ké pè é pé kó wá rà kí ó tó tán, àwọn tó sì ti ra ilẹ̀ kan náà tí wọ́n tà fún ẹni mẹ́ta pọ̀ láàárín àwọn òbí tó dá owó ìwé yìí. Síbẹ̀, a kò fẹ́ tọ́ ọmọ tí yóò gbọ́ igbe aládùúgbò lóru tí yóò ní àdó ni. Ìtàn kan ṣoṣo kò lè kọ́ni ní méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi pa ìlànà tí mo kọ́kọ́ fi ń ṣa ìwé tì. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìtàn ni mo máa ń wò bóyá ó dára. Nísinsìnyí, méjì-méjì ni mo ń ṣa ìtàn, ọ̀kan láti ilé, ọ̀kan láti òkèèrè, mo sì máa ń fẹ́ àwọn méjì tó jọra délẹ̀ tí wọn kò sì gbọ́ra yé. Ìwé tó bá sì ti tẹ ẹ̀kọ́ sí ìsàlẹ̀, bébà ni mo fi ń bo ibẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo sọ yẹn kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n sí obìnrin dáadáa, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń di irun ọmọ náà. Lẹ́yìn tí a tú ká ní ọjọ́ àlọ́ àdó, ọmọkùnrin kan ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa rán òun náà lọ sílé iwin. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà wá bá mi. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ìtàn méjì, ìyàwó bàbá méjì, ìkà làwọn méjèèjì. Ṣé kò sí ìtàn mìíràn láyé ni?"

Mo fi ohun tí mo mọ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé nígbà tí ìwé Grimm kọ́kọ́ jáde ní 1812, kì í ṣe ìyàwó bàbá ló ní kí wọ́n lọ já Hansel àti Gretel sílẹ̀ nínú igbó nígbà ìyàn. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Snow White, ìyá rẹ̀ gan-an ló fẹ́ kí wọ́n pa á. Ẹ̀dà méje ni àwọn Grimm tẹ̀ láàárín 1812 sí 1857, inú àtúntẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ti yọ ìyá kúrò, tí wọ́n fi ìyàwó bàbá rọ́pò rẹ̀. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Mo ní àlàyé tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣe ni pé wọn kò fẹ́ kí orúkọ ìyá bàjẹ́ lójú àwọn ọmọ tó ń ka ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n gba orúkọ ìyá là. Tèmi ńkọ́?"

Láti ìgbà náà, ìbéèrè rẹ̀ ni mo máa ń gbé ka iwájú bí mo bá mú ìwé àlọ́ èyíkéyìí. Ta ni wọ́n fi ṣe ẹbọ kí ìtàn yìí lè dùn? Jack Zipes ti tú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé Grimm sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2014. Nínú rẹ̀ ni mo ti ka Hansel àti Gretel fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú ìyá tó bí wọn, mo sì pa àlọ́ Olúrónbí tẹ̀ lé e, ẹni tó fi ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò nítorí kí ọjà òun lè tà. Àwọn baba ńlá wa kò fi ìyàwó bàbá bo Olúrónbí. Àwọn ọmọ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan béèrè bóyá ebi ló ń pa Olúrónbí náà.

Ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀ ni ìyá mi àgbà. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Orogún rẹ̀ ló bí wọn, ó kú, ìyá àgbà sì tọ́ wọn. Iwájú wọn náà ló ti ń pa àlọ́ àdó, kò sì fi ìgbà kan yí "ìyàwó bàbá" padà. Ó wù mí láti rò pé ó ń fi ìtàn náà ṣọ́ ara rẹ̀ ni.

Ti òrìṣà ni kò yanjú títí di òní. Mo ti pèsè ìtàn Ọbàtálá tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n ní Ọ̀yọ́ láìṣẹ̀ nítorí ẹṣin Ṣàngó, tí òjò kò fi rọ̀ tí àwọn aboyún kò sì bí. Mo fẹ́ fi ṣe ìkejì ìtàn Gíríìsì kan. Bàbá kan gbọ́, ó wá sí ẹnu géètì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ilé wa kò fẹ́ ìtàn òrìṣà." Ìwé ńlá tí mo rà ní Ibafo wà lábẹ́ apá ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ti ka ibi tí Kronos ti gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Ó ní, "Ìyẹn ti òyìnbó ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́ mọ́."

Mo bínú nígbà náà. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ó ka ìtàn náà jù mí lọ. Èmi ń mú Ọbàtálá bí ìtàn lásán tó bá ti Gíríìsì dọ́gba. Òun mọ̀ pé ìtàn tí a ṣì ń bọ ẹni inú rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ojúbọ rẹ̀ ti di ibi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí yóò kù fún ọmọ wa láti kà kò ju ìtàn àwọn òrìṣà tó ti kú lọ, yóò sì mọ Zeus kí ó tó mọ ẹni tó jù Ọbàtálá sẹ́wọ̀n. N kò fara mọ́ ìyẹn. Mo ka ìtàn náà. Ọmọ méjì kò wá mọ́. Mo ṣì máa ń kí bàbá wọn, ó sì máa ń dáhùn.

Ìjàpá kò fún mi ní wàhálà rárá. Mo ra Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe, tó jáde ní 1973, nítorí pé ó jẹ́ kí àlọ́ máa sọ Yorùbá tirẹ̀. Lára àwọn àlọ́ Ìjàpá, èyí tí wọ́n fi ère tí wọ́n fi oje igi kùn mú un lóko olóko ni àwọn ọmọ yàn láàyò. Mo sọ fún wọn pé ère yìí kan náà wà ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé Uncle Remus tí Joel Chandler Harris tẹ̀ jáde ní 1880, ehoro ló lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. N kò ra ìwé náà. Àlọ́ inú rẹ̀ dùn, àwọn ẹrú ló ni ín, ṣùgbọ́n Harris fi í sẹ́nu bàbá arúgbó kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé oko ẹrú dùn ún gbé. Mo mú àlọ́, mo fi férémù rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí Lydia Cabrera kó jọ ní Kúbà yàtọ̀. Ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Faransé ní Paris ní 1936, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sì jáde ní 2004. Jicotea ni wọ́n ń pe ìjàpá níbẹ̀, ó burú ju tiwa lọ, nígbà mìíràn kò sì sẹ́ni tó ń mú un. Kì í ṣe ìwé ọmọdé. Èmi ni mò ń kà á, mo sì ń pa èyí tó bá tọ́ fún wọn lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ pàlọ́. Àlọ́ àdó ló pa. Nínú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rán ọmọ náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ka owó, tó rí i pé ẹyọ kan dín, tó gbé apẹ epo kalẹ̀, tó sì tẹ̀ lé iwin. Ọmọkùnrin kan ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa á. Mo ní kó jẹ́ kó parí. Nígbà tó dá orin, àwọn ọmọ gbè é, ohùn àgbàlagbà kan sì bá wọn gbè é láti ẹnu géètì, níbi tí ìyàwó bàbá rẹ̀ dúró sí pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́.